Ta Ló Fún Wọn Ní Nọ́ńbà Mi? Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Lórí Òfin Ìsọfúnni Ara Ẹni

Ní ìtẹ̀jáde oṣù tó kọjá, a ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Lẹ́tà tó wọlé ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ, mẹ́fà péré ni a sì mú nínú wọn. A yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé kúrò, nítorí kò bójú mu kí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lórí àṣírí máa tú àṣírí àwọn tó bi í.

Àlàyé kan ṣoṣo kí a tó wọlé: "détà" tí òfin yìí ń sọ kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù láti fi wo fídíò. Ohunkóhun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ ni: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú, ìtẹ̀ka, NIN, BVN, àdírẹ́sì ilé, títí kan ibi tí fóònù rẹ̀ wà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó gba ìsọfúnni náà, tó sì pinnu ohun tí yóò fi ṣe, ìbáà jẹ́ báńkì, ilé-ìwé tàbí ìjọ, ni òfin di ẹrù rù. Àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ ni Nigeria Data Protection Commission, tí a óò máa pè ní NDPC láti ìhín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, Ìbàdàn. Mo yá ₦20,000 lórí ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ọjọ́ tó yẹ kí n san án fi ọjọ́ mẹ́ta péré kọjá, ni wọ́n bá mú àwòrán mi, wọ́n kọ "GBÁJÚẸ̀" gàdàgbà sí i lórí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù mi. Ẹni tó ń já ọjà fún mi rí i, pásítọ̀ mi rí i, ìyá ọkọ mi náà rí i. Lóòótọ́ ni mo jẹ wọ́n lówó. Ṣé mo wá lẹ́nu láti fẹjọ́ wọn sùn?

ÌDÁHÙN: Ẹ lẹ́nu, ìyá wa, ẹ lẹ́nu dáadáa. Gbèsè lọ́tọ̀, ìtìjú lọ́tọ̀. Olówó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀, ó lè pè yín, ó lè kọ̀wé sí yín, ó sì lè gbé yín lọ sí ilé-ẹjọ́. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ni pé kí ó fi nọ́ńbà àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ yín ṣe pàṣán tí yóò fi nà yín. Abala 24 òfin náà sọ pé iṣẹ́ tí a bá tìtorí rẹ̀ gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ènìyàn nìkan ni a gbọ́dọ̀ lò ó fún, kí a má sì gbà ju ìwọ̀n tí iṣẹ́ náà nílò. Ẹ wò ó, kí ni nọ́ńbà ìyá ọkọ yín fẹ́ ṣe nínú ìṣirò ₦20,000?

Mo mọ ohun tí wọn yóò wí: wọn yóò ní ẹ tẹ "Mo gbà" nígbà tí áàpù náà béèrè àyè láti wo inú fóònù yín. Àwíjàre yẹn kò dúró lórí ẹsẹ̀ kankan. Lọ́nà kìíní, òfin fẹ́ kí ìyọ̀ǹda jẹ́ èyí tí ènìyàn fi tinútinú ṣe, kí ó mọ ohun tó ń gbà sí, ẹni tó ní a yọ̀ǹda fún òun ni yóò sì mú ẹ̀rí wá. Lọ́nà kejì, èyí tó dùn mọ́ mi jù, ẹ̀yin lẹ tẹ "Mo gbà," ìyá ọkọ yín kọ́. Nọ́ńbà tirẹ̀ kì í ṣe tiyín láti fi tọrẹ. Nítorí náà òun náà lè fẹjọ́ sùn ní orúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pásítọ̀ yín, àti gbogbo ẹni tí àtẹ̀jáde náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni dá owó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí òfin yìí kò tíì sí, ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni a ń lò, òun náà ni àjọ ọ̀hún sì fi bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, lórí irú ẹ̀sùn tí ẹ kọ yìí gan-an. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, FCCPC, kó àwọn òṣìṣẹ́ elétò ààbò lẹ́yìn, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2023, Google fòfin dè é pé kí áàpù ẹ̀yáwó kankan tó wà lórí ìsọ̀ òun máa wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ènìyàn. FCCPC tún gbé ìlànà míì jáde ní ọdún 2025 tó lè ná ayánilówó tó bá ṣẹ̀ sí i ní ₦100 mílíọ̀nù tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un. Síbẹ̀ wọn kò tíì jáwọ́, nítorí áàpù tí a bá lé lónìí yóò tún padà dé lọ́la pẹ̀lú orúkọ àti àwọ̀ míì.

Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Ẹ má pa àtẹ̀jáde kankan rẹ́. Ẹ bẹ pásítọ̀ àti ẹni tó ń já ọjà fún yín pé kí wọ́n ya àwòrán ojú fóònù wọn, kí nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà, nítorí orúkọ tó wà lára áàpù sábà máa ń yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ óò rí i nínú ìwé àdéhùn wọn lórí áàpù náà, tàbí lórí ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n san sí àkáǹtì yín. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ ti fa ìyọ̀ǹda yín sẹ́yìn àti pé kí wọ́n pa nọ́ńbà gbogbo tí wọ́n kó rẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni, ó wà ní abala 34 àti 35. Lẹ́yìn náà kí ẹ fẹjọ́ sùn ní FCCPC àti ní NDPC. Ẹ wọ inú sẹ́tíǹsì fóònù yín, kí ẹ sì gba àyè tí ẹ fún áàpù náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti kó lọ ti di ẹyin tó balẹ̀. Ẹ san owó wọn tí ó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n má baà fi gbèsè bo ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn mọ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Mo ra àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo ṣàkíyèsí pé ìwé tí ìyá alákàrà fi dì í fún mi jẹ́ fọ́ọ̀mù tí ẹnìkan kọ láti fi forúkọ síìmù sílẹ̀. Òróró ti rin ín, àmọ́ mo ṣì rí orúkọ, àwòrán ojú, ọjọ́ ìbí, NIN àti ìbuwọ́lùwé. Ṣé òfin kọ̀ǹpútà yìí kan ìwé lásán, tàbí ìyá alákàrà ni yóò jẹ̀bi?

ÌDÁHÙN: Ìyá alákàrà kò jẹ̀bi ohunkóhun, ìwé pépà tí wọ́n ń wọ̀n tà ní ọjà ló rà. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ olóhun, tí kò sì rí ọ̀nà míì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju kí ó tà á fún oníwèé àjákù. Òfin náà sì kan ìwé: abala 2 sọ ọ́ gbangba pé ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ni a fi tọ́jú ìsọfúnni, ìbáà jẹ́ ọwọ́, òfin dé ibẹ̀. Ẹni tó gba ìsọfúnni gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nígbà tí kò bá sì wúlò mọ́, kí ó run ún. Iná wà, ẹ̀rọ tó ń rún ìwé wà, ó tilẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ fà ya.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láti ìparí ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, kò sí ẹni tó ní fóònù tí kò fi nọ́ńbà yìí lé ẹnìkan lọ́wọ́, lábẹ́ abùradà, lórí tábìlì onípáákó. Ẹni tó bá ní NIN, ọjọ́ ìbí àti ìbuwọ́lùwé yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀yin lójú òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative tú àṣírí ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ NIMC, tó ń tọ́jú NIN, ní ẹnikẹ́ni kò ráyè wọ inú àká òun. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àká bá ṣì dúró digbí tí ọjà sì ń tà níta, ohun tó tọ́ kí a béèrè ni iye ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ní ti ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe yà á sórí Facebook láti fi bínú, bí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ìhòòhò tí ènìyàn mẹ́ta rí ni ẹ fẹ́ fi han ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà yóò wà lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NDPC. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti mọ̀ pé ìsọfúnni jò lọ́wọ́ òun, tí ó sì lè pa olóhun lára, wákàtí 72 ni òfin fún un láti sọ fún Àjọ náà. Bí ewu rẹ̀ bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún olóhun fúnra rẹ̀ láìjáfara. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìwé náà ya.

Ìmọ̀ràn kékeré kan tí èmi fúnra mi ń lò: nígbàkígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ fọ́tòkọ́pì NIN mi, mo máa ń fi bírò kọ ọ́ gba ojú rẹ̀ kọjá pé "fún ilé-iṣẹ́ báyìí nìkan," pẹ̀lú ọjọ́ òní. Kò dí olè lọ́wọ́ tán, àmọ́ bí a bá rí ìwé náà lára àkàrà, a óò mọ ẹni tí a óò bi.

ÌBÉÈRÈ: Àtẹ̀jáde ìpolówó ọjà ń pa mí lórí fóònù. Orin, tẹ́tẹ́, àdúrà òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ló pa á láṣẹ, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan pàtó ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ kò fẹ́. Abala 36 fi dandan lé e pé bí ẹ bá ti kọ ìpolówó, wọn kò gbọ́dọ̀ lo ìsọfúnni yín fún un mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n bu owó gọbọi lé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lórí. Ta ló ń gba owó náà? Ṣé àwa tí wọ́n ṣẹ̀ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ni? Adó-Èkìtì ni mo ti kọ̀wé.

ÌDÁHÙN: Owó náà pọ̀ lóòótọ́. NDPC bu ₦555.8 mílíọ̀nù lé Fidelity Bank lórí ní ọdún 2024, ó sì bu ₦766.2 mílíọ̀nù lé MultiChoice Nigeria lórí ní oṣù Keje ọdún 2025. Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ni tirẹ̀ le jù: FCCPC ní kí ó san mílíọ̀nù 220 dọ́là ní ọdún 2024, NDPC náà sì tún ní kí ó san mílíọ̀nù 32.8 dọ́là ní ọdún 2025, kó tó di pé òun àti Àjọ náà parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Bí owó ṣe ń ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìwọ̀n méjì ni òfin fi lélẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá: ₦10 mílíọ̀nù, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn ní ọdún tó ṣáájú, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn tí kò tóbi, ₦2 mílíọ̀nù ni wọ́n fi rọ́pò ₦10 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá kọ̀ láti tẹ̀lé àṣẹ Àjọ náà tún lè lo ọdún kan ní ẹ̀wọ̀n.

Ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ, kì í dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ọ̀nà tiyín ni abala 51, tó ní ẹni tí àìtẹ̀lé òfin yìí bá pa lára lè gba owó gbà-má-bìínú nílé-ẹjọ́. Ọ̀nà kejì ti wà tipẹ́: abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, tó dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ilé-iṣẹ́ fóònù kan lẹ́bi lábẹ́ abala yìí nítorí àtẹ̀jáde tí oníbàárà kò béèrè fún. Ní ọdún 2021, ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ náà tó wà ní Ìbàdàn sì sọ pé ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni wà lábẹ́ abala 37 kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín: ẹjọ́ ń náni lówó, ó ń gba àkókò, adájọ́ yóò sì fẹ́ rí ohun tí ìwà náà ṣe fún yín gan-an, iṣẹ́ tó bọ́ tàbí owó tó sọnù. Bí ó bá jẹ́ ìbínú lásán ni, ẹjọ́ sísùn ní NDPC ló yá, nítorí kò gba agbẹjọ́rò. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Àjọ náà ti fi àpẹẹrẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú GAID, ìlànà tó ṣàlàyé bí a ó ṣe máa lo òfin yìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025.

Èrò tèmi ni pé a kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbé adìyẹ, àwòdì wa sì ti ń gbé adìyẹ ńlá, èyí tí ìròyìn rẹ̀ ń dún. Adìyẹ tó ń jẹ wá lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́ kò sí ní Lekki tàbí ní California: ilé ìwòsàn tó kó fáìlì aláìsàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni, àti kàfé tó tọ́jú NIN igba ènìyàn sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo ń retí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ NDPC yóò kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wọn ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ìsẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ mi ń lọ ní Ìkòròdú gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ, kíláàsì àti ọjọ́ ìbí. Mo ṣàròyé, ọ̀gá ilé-ìwé ní ìpolówó ni, àti pé ó yẹ kí inú mi dùn.

ÌDÁHÙN: Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè yọ̀ǹda fún ara rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí, abala 31 ní òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé lè tọ́jú orúkọ àti máàkì ọmọ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni. Facebook kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ sì ti pè é ní ìpolówó. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu lásán ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fún un ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù tí ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ ìgbaniwọlé, bóyá wọ́n fi gbólóhùn kan pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lè fa ìyọ̀ǹda yẹn sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ló gbé àwòrán ọmọ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, òfin kò wọ ibẹ̀, nítorí ó yọ ọ̀rọ̀ ilé àti mọ̀lẹ́bí sílẹ̀. Ẹ̀yin àti ìyá àgbà lẹ jọ máa yanjú ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mí ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbà nílé ní kí n fi orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àti iṣẹ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ fi ṣe almanákì, wọ́n sì fẹ́ fi pín owó ọdún ìlú. Ṣé mo lè fi ránṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Òfin Gẹ̀ẹ́sì ló dì yín mú, èyí tí àjọ ICO ń bójú tó, ó sì kan ẹgbẹ́ kékeré bí ó ti kan ilé-iṣẹ́ ńlá. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ibẹ̀ ti ní kí a máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí láìsí ètò míì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ẹni tí yóò gbà á àti ohun tí yóò fi ṣe, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn. Ẹ rántí pé èyíkéyìí nínú wọn lè kọ̀wé béèrè ohun gbogbo tí ẹ ní nípa òun, oṣù kan ni ẹ sì ní láti fi dáhùn. Kò pọn dandan kí ẹ já àwọn àgbà kulẹ̀: ẹ fi orúkọ àti àwòrán àwọn tó gbà ránṣẹ́ fún almanákì, ẹ pín owó ọdún fúnra yín láti ọ̀hún, kí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà dúró sí Peckham.